Ọwọ́ Àánú àti Òfin Ilé Ìtọ́jú

  Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí dá lórí àwọn ènìyàn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa tọ́jú ọmọ tí kò ní ìyá, arúgbó tí kò lè dá dìde, àti aláìsàn tí kò lè bu omi mu fúnra rẹ̀. Àti àwọn òfin tí ń bẹ nínú ilé tí a ti ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé bí ènìyàn bá ti dárúkọ òfin báyìí, ojú àwọn ẹlòmíràn a fà ro. Ẹ ní sùúrù fún mi díẹ̀. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni n ó ti mú ìtàn náà bẹ̀rẹ̀.

Láyé àtijọ́, bí aboyún bá kú sórí ìkúnlẹ̀ tí ọmọ sì yè, ọ̀ràn ńlá ni fún gbogbo agbo ilé. Bí obìnrin mìíràn bá wà nínú ẹbí tí ń fún ọmọ lọ́mú lọ́wọ́, tí ó sì gbà láti fi ọmọ náà kún tirẹ̀, ọmọ ti rí ibi sá sí nìyẹn. Bí kò bá sí, ẹ̀kọ mímu ni ó kù, àti àgbo, àti omi tí a pọn láti odò. Ìyá àgbà a jókòó, a na ẹsẹ̀, a gbé ọmọ lé itan, a fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe agbada sí i lẹ́nu, a sì máa rọ ọ́ ní ẹ̀kọ. Ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kú. Ìgbẹ́ gbuuru ni yóò kọ́kọ́ mú un; ara rẹ̀ a gbẹ, àwùjẹ̀ rẹ̀ a jìn wọnú, igbe rẹ̀ a máa lọ sílẹ̀ títí yóò fi dákẹ́. Ta ni yóò wá sọ pé ìyá àgbà yìí kò láàánú? Àánú ni ó fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Òun ni kì í sùn lóru. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó fi ń bọ́ ọmọ náà gan-an ni ikú gbà wọlé, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún un.

Ọdún 1855 ni òyìnbó oníwàásù tí a ń pè ní Thomas Jefferson Bowen, ti ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ju àádọ́ta ọdún lọ lẹ́yìn náà kí ìjọ yẹn tó rán dókítà wá. Dókítà ọ̀hún ni George Green, tí òun àti ìyàwó rẹ̀, Lydia, dé ìlú náà ní ọdún 1907. Ilé ìwòsàn tí ó ti ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni ó dàgbà títí tí ó fi di ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Bowen ní ọdún 2009. Ní ọdún 1925, nọ́ọ̀sì kan láti Virginia, Ruth Kersey ni orúkọ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ọmọ tí ìyá wọn kú sí ìtọ́jú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Orúkọ rẹ̀ ni a fi sọ ilé tí ó ti inú iṣẹ́ yìí jáde: Kersey Children's Home.

Ẹ jẹ́ kí a ro bí irú ilé bẹ́ẹ̀ ti rí. Nígbà tí ọmọ kan ṣoṣo wà lọ́wọ́ ìyá àgbà kan, bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ náà, lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀ràn yóò parí sí, ìbáà ṣe sí rere, ìbáà ṣe sí búburú. Ṣùgbọ́n bí ogún ọmọ bá wà lábẹ́ òrùlé kan, tí olùtọ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láàrin wọn, ìgbẹ́ gbuuru ti ọmọ kan lè di ti gbogbo wọn kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Kì í ṣe afẹ́fẹ́ ni yóò gbé e kiri. Ọwọ́ olùtọ́jú ni. Ilé tí a kọ́ láti fi gba ọmọ là lè tipa bẹ́ẹ̀ di ibi tí ikú ti ń kó wọn lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí òfin fi pọ̀ níbẹ̀ ju ti ilé ẹnikẹ́ni nínú wa lọ.

Olùtọ́jú tí ó bá pààrọ̀ ìlédìí ọmọ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ kí ó tó fọwọ́ kan ọmọ mìíràn tàbí ìgò wàrà. Omi tí a ó fi po wàrà gbọ́dọ̀ hó. Ìgò gbọ́dọ̀ hó pẹ̀lú, àti ọmú rọ́bà tí ń bẹ lórí rẹ̀, nítorí inú ihò kékeré yẹn ni wàrà àná í fara pamọ́ sí. Wàrà tí ọmọ bá mu kù, dídà ni kí a dà á nù, bí ó ti wù kí wàrà wọ́n tó. Nínú ooru ilẹ̀ wa yìí, wákàtí díẹ̀ ti tó fún kòkòrò àrùn láti fi í ṣe ilé. Ọmọ méjì kò gbọ́dọ̀ sùn lórí ibùsùn kan, aṣọ ìnura ọmọ kan kò sì gbọ́dọ̀ kan ara ọmọ kejì. A ó máa gbé ọmọ lé òṣùwọ̀n, a ó sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Iye ìgbà tí ó mu wàrà, iye ìgbà tí ó yàgbẹ́, bí ìgbẹ́ náà ti rí, gbogbo rẹ̀ ni kíkọ. Olùtọ́jú tí inú bá ń run tàbí tí egbò wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé kíkọ yìí ni ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù. Obìnrin tí ó ti tọ́ ọmọ mẹ́fà nínú ilé tirẹ̀ yóò bi ọ́ léèrè pé, “Ìgbẹ́ ọmọ náà ni kí n máa kọ sínú ìwé?” Ó lè rò pé a fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Nínú ilé tirẹ̀, òun nìkan ni ó tọ́ ọmọ náà láàárọ̀, òun náà ni lálẹ́. Orí rẹ̀ ni ìwé rẹ̀. Ní ilé ìtọ́jú, ẹni tí ó tọ́jú ọmọ lọ́sàn-án yóò lọ sílé rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò gbà á lóru. Bí ẹni ọ̀sán kò bá kọ ọ́ pé ọmọ yìí ti yàgbẹ́ omi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹni òru yóò rò pé oorun ni ọmọ ń sùn, nígbà tí ó jẹ́ pé ara rẹ̀ ni ó ti rẹ̀ tán.

Níbo wá ni òfin fífọ ọwọ́ ti wá? Àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n mú un wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ bá a nílẹ̀ ni. Ẹ̀mí àwọn abiyamọ ni a sì fi ra á ní ilẹ̀ tí ó jìnnà sí tiwa. Ní ìlú Vienna, ní ilẹ̀ Austria, ilé ìgbẹ̀bí ńlá kan wà tí a pín sí apá méjì. Àwọn dókítà àti àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ni ń gbẹ̀bí ní apá kìíní. Àwọn obìnrin agbẹ̀bí ni ń ṣe é ní apá kejì. Ohun ìyanu ni pé apá àwọn dókítà ni àwọn abiyamọ ti ń kú jù. Ará ìlú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn aboyún a máa kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀, wọn a máa bẹ̀bẹ̀ pé kí a má ṣe gbé àwọn sí apá kìíní.

Dókítà kan wà níbẹ̀, ọmọ Hungary, Ignaz Semmelweis ni orúkọ rẹ̀. Ó wá ìdí ọ̀ràn yìí títí, kò rí i. Ní ọdún 1847, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Jakob Kolletschka, wà níbi tí wọ́n ti ń la òkú láti wo ohun tí ó pa á, ọ̀bẹ akẹ́kọ̀ọ́ kan sì gé e lọ́wọ́. Àìsàn tí ó pa ọkùnrin yìí jọ èyí tí ń pa àwọn abiyamọ láìyàtọ̀. Àṣírí tú. Àwọn dókítà wọ̀nyí ń ti ibi òkú bọ̀ wá sí ibi ìkúnlẹ̀, ohun tí ó sì lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́ lára òkú ni wọ́n ń gbé wọ inú ara abiyamọ. Agbẹ̀bí kì í la òkú ní tirẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, Semmelweis gbé àwo omi tí a po oògùn apakòkòrò sí kalẹ̀, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe dé ọ̀dọ̀ aboyún láìfi omi náà fọ ọwọ́. Nínú oṣù kẹrin, kí òfin yìí tó dé, nǹkan bí 18 nínú 100 abiyamọ ni ó kú ní apá kìíní. Nígbà tí ó fi di oṣù keje, àwọn tí ń kú kò pé 2 nínú 100.

Ẹ̀yin yóò rò pé wọ́n fi í jẹ oyè. Rárá o. Inú bí àwọn àgbà dókítà. Ta ni yóò sọ fún ọ̀mọ̀wé pé ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́? Nígbà tí àkókò iṣẹ́ Semmelweis pé ní ọdún 1849, wọn kò fún un ní òmíràn. Ó kó ẹrù rẹ̀ padà sí Hungary ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ilé àwọn alárùn ọpọlọ ni ó sì kú sí ní ọdún 1865. Lójú tèmi, iye ọmọ tí ìgbéraga àwọn àgbà wọ̀nyí sọ di aláìníyàá ní Yúróòpù yóò kún ilé bíi ti Kersey lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà. Ẹni tí òfin fífọ ọwọ́ kọ́kọ́ ṣòro fún kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Ọ̀gá ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òyìnbó ni ó kọ́ wa bí a ti ń ṣe òfin nípa àìsàn. Àwọn baba wa ní tiwọn. Nígbà tí àrùn Ṣànpọ̀nná bá wọ ìlú, èyí tí wọ́n ń pè ní Olóde nítorí ẹ̀rù orúkọ rẹ̀, wọn a máa gbé aláìsàn kúrò láàrin agbo ilé lọ sí ahéré lóko, ẹni tí àrùn náà ti ṣe rí tí ó sì yè é ni wọ́n sì máa ń fẹ́ kí ó tọ́jú rẹ̀. Òfin tí ó dára ni. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀, nítorí ẹni tí ó ti ṣe é rí kì í tún un ṣe mọ́. Ohun tí ó ba á jẹ́ ni pé ìdí rẹ̀ di awo. Nígbà tí ó di awo, àwọn kan láàrin àwọn àwòrò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rù rẹ̀ jẹun, ẹrù òkú a sì di tiwọn. Dókítà Oguntọ́lá Sàpárà, ọmọ Yorùbá, wọ inú ẹgbẹ́ wọn lọ láti wádìí, ó sì tú àṣírí wọn fún ìjọba. Mo mú ọ̀rọ̀ yìí wá kí a lè mọ̀ pé òfin tí a kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tí yóò pa á mọ́ kì í pẹ́ bàjẹ́, ìbáà jẹ́ ti ahéré, ìbáà jẹ́ ti ilé ìwòsàn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó lé Ṣànpọ̀nná kúrò ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1970. Ní ọdún 1980 ni a kéde pé ó ti parí ní gbogbo ayé.

Ọdún kan kí Ṣànpọ̀nná tó tán nílẹ̀ wa ni àrùn mìíràn tí kò tíì ní orúkọ yọjú ní òkè ọya. Ní oṣù kìíní ọdún 1969, nọ́ọ̀sì kan tí ó jẹ́ ará Amẹ́ríkà, Laura Wine, ṣàìsàn ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Lassa, ní ìhà Borno. Wọ́n fi ọkọ̀ òfurufú gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Jos, ibẹ̀ ni ó kú sí. Nọ́ọ̀sì tí ó tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ ni Charlotte Shaw. Ọgbẹ́ kún ẹnu aláìsàn náà, Shaw sì wé aṣọ tín-ín-rín mọ́ ìka, ó ń fi nu ọgbẹ́ náà fún un kí ara lè tù ú. Ẹ̀gún òdòdó rósì ti gún un ní ìka yẹn ní ọjọ́ kan náà, ó sì ti gbàgbé. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù kejì. Nọ́ọ̀sì kẹta, Penny Pinneo, tí ó tọ́jú àwọn méjèèjì, ṣàìsàn náà pẹ̀lú. Wọ́n gbé e lọ sí New York, Ọlọ́run sì yọ ọ́.

Àwọn onímọ̀ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti mọ ohun tí ó ṣe é náà kò bọ́. Jordi Casals, ní Yunifásítì Yale, dùbúlẹ̀ àìsàn ọ̀hún. Omi inú ẹ̀jẹ̀ Pinneo tí a fà sí i lára wà lára ohun tí ó gbà á sílẹ̀. Juan Roman, òṣìṣẹ́ kan nínú ilé ìwádìí náà, tí kì í ṣe òun ni ó ń ṣiṣẹ́ lórí àrùn yìí, kú kí ọdún náà tó parí. Ní ọdún 1970, Jeanette Troup, dókítà ní Jos tí ó ti kó ipa ńlá nínú mímọ àrùn náà, gé ara rẹ̀ lọ́wọ́ níbi tí ó ti ń la òkú aláìsàn kan. Òun náà kú. Ẹ rántí Kolletschka ti Vienna. Ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́fà ni ó wà láàrin ọ̀bẹ méjèèjì.

Kò sí ọ̀lẹ tàbí aláìbìkítà nínú àwọn obìnrin wọ̀nyí. Ìka tí a fi ń nu ẹnu aláìsàn, ìka àánú ni. Inú ikú bí irú èyí ni òfin ìbọ̀wọ́ ti wá: kí a máa wọ̀ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tí a bá fẹ́ kan ẹ̀jẹ̀ tàbí ọgbẹ́ rẹ̀, kì í ṣe fún ẹni tí ìrísí rẹ̀ bá bà wá lẹ́rù nìkan. Ìrísí kì í sọ òtítọ́. Àrùn Lassa, tí irú eku kan tí ń wọ ilé ń gbé kiri, ṣì ń pa ènìyàn nílẹ̀ wa lọ́dọọdún, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sì ń bẹ nínú àwọn tí ó ń pa.

Ìtàn ti Èbólà ṣì wà lọ́kàn àwọn àgbà tí ń gbọ́ mi. Ní oṣù keje ọdún 2014 ni Patrick Sawyer gbé e wọ Èkó. Wọ́n ń fúngun mọ́ dókítà Ameyo Stella Adadevoh pé kí ó jẹ́ kí ọkùnrin náà máa lọ, ó kọ̀. Ó kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 kú, a sì kéde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Bí a bá ti jẹ́ kí ọkùnrin yẹn wọ inú èrò Èkó lọ, èmi kò mọ ẹni tí ì bá kà á.

Lóde òní, ọ̀pọ̀ agbo ilé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ó ní ọmọ tí ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní Ìlú Ọba. Ìjọba ibẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti òkèèrè ní oṣù kejì ọdún 2022, ó sì tì í mọ́ àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wá ní oṣù keje ọdún 2025. Ohun tí ó máa ń ya ọmọ wa lẹ́nu níbẹ̀ ni pé a ní kí ó má ṣe dá gbé àgbàlagbà. Ọmọ tí a ti kọ́ láti kékeré pé kí ó sáré sọ ẹrù kalẹ̀ lórí àgbà! Ó rí Bàbá tí wọ́n ń yọ̀ bọ́ lórí àga, ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé kí ó ki ọwọ́ bọ abíyá wọn, kí ó fà wọ́n dìde. Egungun èjìká arúgbó lè yẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ọmọ náà lè bàjẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó má lè ṣiṣẹ́ mọ́ ní ìlú tí ó lọ láti ṣiṣẹ́. Láti ọdún 1992 ni òfin wọn ti sọ pé kí a yẹra fún irú gbígbé bẹ́ẹ̀ níwọ̀n bí ó bá ti ṣeé ṣe. Nítorí náà ẹ̀rọ ni a fi ń gbé ẹni tí kò lè dìde, ènìyàn méjì a sì máa dúró tì í.

Òfin àgbà tí ti 1992 yìí rọ̀ mọ́, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1974, kò dá òṣìṣẹ́ nìkan lóró. Ó de agbanisíṣẹ́ kọ́kọ́: òun ni yóò pèsè ohun èlò, òun ni yóò kọ́ òṣìṣẹ́ ní ìlò rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣe òfin náà lè kùnà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àrùn Kòrónà ní ọdún 2020, wọ́n ń kó àwọn aláìsàn kúrò ní ilé ìwòsàn lọ sí ilé ìtọ́jú arúgbó láìyà wọ́n sọ́tọ̀. Láàrin ọjọ́ 2 oṣù kẹta àti ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, ní England àti Wales, a dárúkọ àrùn yìí nínú ìwé ikú 19,394 nínú àwọn tí ń gbé ilé ìtọ́jú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, ilé ẹjọ́ gíga ní London dájọ́ pé ìlànà ìjọba náà kò bá òfin mu. Àwọn olùtọ́jú tí wọ́n fọ ọwọ́ títí tí awọ ọwọ́ wọn fi bó kò lè dá dínà ohun tí a ti òkè ṣí ilẹ̀kùn fún.

Èyí mú mi padà sílé. Bí ẹ bá wọ ilé ọmọ aláìníyàá tàbí ilé arúgbó kan nílẹ̀ wa, tí ẹ sì rí i pé a kọ òfin fífọ ọwọ́ gàdàgbà sára ògiri, ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ǹjẹ́ omi ń bẹ nínú ike? Ǹjẹ́ ọṣẹ wà níbẹ̀, tàbí olùtọ́jú ni yóò fi owó ara rẹ̀ rà á? Olùtọ́jú kan ṣoṣo tí a fi ọmọ méjìlá tì lóru kò lè fọ ọwọ́ láàrin ọmọ kan àti èkejì bí gbogbo wọn bá ń ké. Kí a tó bá a wí, kí a kọ́kọ́ kà iye ọmọ.

Ohun kan kù tí ó kan ẹ̀yin tí ń gbọ́ mi, nítorí mo mọ̀ pé ó ti di àṣà ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ láti lọ kí àwọn ọmọ wọ̀nyí ní ọjọ́ ìbí tàbí ní àkókò ọdún. Ó dára, ẹ máa lọ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fọ ọwọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ fọ̀ ọ́, bí ẹ tilẹ̀ jẹ́ olóyè. Bí ikọ́ bá ń ṣe yín, ẹ rán ẹlòmíràn. Ẹ má ṣe ki àkàrà òyìnbó bọ ọmọ lẹ́nu kí ẹ tó béèrè lọ́wọ́ olùtọ́jú, ẹ má sì ya àwòrán ojú ọmọ ọlọ́mọ kiri. Bí ó bá sì jẹ́ agolo wàrà ni ẹ fẹ́ rà lọ, ẹ wo ọjọ́ tí a kọ sí ìdí agolo náà kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì ra ọṣẹ mọ́ ọn.